Ewé Ẹ̀kọ Sùwéébátù

Kò sí ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú irin kọjá ní Ìfọ̀ láyé ìgbà náà tí kò mọ ẹ̀kọ Sùwéébátù. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun kọjá níbẹ̀ tí òun ò sì jẹ nínú rẹ̀, ẹ bi í bóyá ńṣe ló sùn lọ nígbà tí ọkọ̀ dúró. Ẹ̀kọ náà funfun, ó ń dán, ó sì dì dáadáa. Bí èèyàn bá tú ewé rẹ̀, ńṣe ni yóò jókòó síni lọ́wọ́ bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

Ọwọ́ òsì ni obìnrin yìí fi ń pọ́n ẹ̀kọ rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ nà án títí, ó fi okùn de ọwọ́ náà, ó fi ata pa á, ọwọ́ òsì ò gbọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé igbá ẹ̀kọ kalẹ̀ ní téṣàn, àwọn kan ń yọ ṣùtì sí i, wọ́n ní ta ni yóò jẹ oúnjẹ tí wọ́n fi ọwọ́ òsì pọ́n. Ó ní kí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì tún padà wá. Nítorí ọwọ́ òsì yìí, ewé ẹ̀kọ rẹ̀ kò jọ ti ẹlòmíràn. Gbogbo ẹlẹ́kọ yòókù ń ká etí ewé sí ọ̀tún, tirẹ̀ ń lọ sí òsì. Ẹni tó bá ti rí i lórí igbá kò ní béèrè ta ló ni ín.

Àmọ́ ká má tan ara wa, omi ló gbé ẹ̀kọ náà níyì. Omi ni wọ́n fi ń rẹ àgbàdo, omi ni wọ́n fi ń sẹ́ ògì, bí omi bá sì ti bàjẹ́, kí ẹlẹ́kọ yáa wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Kànga kan wà lẹ́yìn ilé Sùwéébátù tí omi rẹ̀ tutù, tó sì mọ́ gaara. Bùrẹ́ímọ̀ ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ojú irin, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ. Bó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, á bọ́ ẹ̀wù, á wọnú ihò. Àwọn ará àdúgbò a máa bi í pé ṣé ó fẹ́ gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí Mẹ́kà ni. Ó kan omi, ó mọ etí kànga náà yíká, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tó kú. Kò fi ilé sílẹ̀, nítorí inú ilé ẹbí ni wọ́n ń gbé. Kò fi oko sílẹ̀. Kànga ló fi sílẹ̀, àti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Hàfísátù. Láti inú kànga yẹn ni ìyá àti ọmọ ti ń jẹun.

Ọdún kejì tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ìfọ̀ ń fẹjú nígbà náà. Ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Ìdógò ń yà níbẹ̀, mọ́tò láti Èkó àti Abẹ́òkúta ń já èrò sílẹ̀, wọ́n ń kan páànù tuntun mọ́ orí ilé lójoojúmọ́. Gbogbo ẹni tó dé ló gbé ẹnu dé, gbogbo ẹnu ló ń jẹun, gbogbo ẹni tó sì jẹun tán ló ń wá ibi tí yóò da ìyókù sí. Ta ni yóò rìn lọ sínú igbó nítorí pàǹtí? Ibi tí ilẹ̀ bá ti da gẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí. Ó ṣe wẹ́kú pé òkè kànga Sùwéébátù ni ilẹ̀ ti da gẹ̀rẹ̀.

Lórí òkè yẹn ni Lásúnkànmí kọ́ àká obì rẹ̀ sí. Oníṣòwò obì láti Ṣágámù ni, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bá a ṣa obì, tí wọ́n ń dì í sínú apẹ̀rẹ̀, pọ̀ bí èrò ọjà. Kí ó tó pé ọdún kan tó dé, àkìtàn ti gba ẹ̀yìn àká náà, ó ń ga, ó ń fẹ̀, eṣinṣin ń kọrin lórí rẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ gbẹ, Sùwéébátù kàn ń fi gèlè bo imú ni. Ìgbà tí òjò dé, àkìtàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wá sínú kànga.

Ògì ló kọ́kọ́ sọ fún un. Ó ṣí ìkòkò láàárọ̀ ọjọ́ kan, òórùn tó kọlù ú kì í ṣe òórùn ògì tó kan. Ó ní bóyá àgbàdo ni kò dára. Ó pààrọ̀ àgbàdo, òórùn náà ò lọ. Nígbà tó yá, èrò ọkọ̀ kan bu ẹ̀kọ rẹ̀ jẹ, ó tu ú dànù láti ojú fèrèsé, ọkọ̀ sì gbé e lọ kí Sùwéébátù tó rí ẹnu bú u. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Láti ọjọ́ náà ni òun àti Hàfísátù ti ń lọ pọn omi lódò tó jìnnà, tí ọrùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú àyà.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí wolé-wolé fi dé. Afọlábí ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ́mọkùnrin láti Abẹ́òkúta, ó wọ ṣòkòtò kaki péńpé, ó gun kẹ̀kẹ́. Kì í pariwo, ìyẹn gan-an ló sì ń kó àwọn èèyàn láyà jẹ. Ó wo àkìtàn, ó wo kànga, ó fa omi díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí. Ó ní omi yìí lè dá ìgbẹ́ ọ̀rìn sílẹ̀ ní ìlú. Ó ní bí òun bá padà wá tí àkìtàn ṣì wà níbẹ̀, òun yóò kó àwọn òṣìṣẹ́ wá, wọn yóò sì fi iyẹ̀pẹ̀ dí kànga náà pa.

Sùwéébátù kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ló dé tí wọn ò mú ẹni tó ni àkìtàn. Afọlábí béèrè pé ta ló ni ín. Kò sẹ́ni tó ni àkìtàn. Ó ń ṣe ọmọkùnrin náà láàánú, ojú rẹ̀ fi hàn, àmọ́ kànga ní ẹni tó ni ín, ẹni tó bá sì ní nǹkan ni ìjọba ń rí bá wí. Bí ayé ṣe rí nìyẹn, kì í ṣe Ìfọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dà báyìí, Sùwéébátù lọ wá ìgbálẹ̀ tó ti gbó, ó wá àkísà pupa, ìkarahun ìgbín àti ṣùkù àgbàdo, ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó fi kọ́ igi lórí àkìtàn náà. Ààlè nìyẹn. Ẹni tó bá da nǹkan síbẹ̀, ohun tó bá rí kó fara mọ́ ọn. Àáfà àdúgbò bi í pé ṣé kì í ṣe pé ó ti ń bọ̀rìṣà báyìí. Ó ní ìgbálẹ̀ lásán ni, àáfà pàápàá ní ìgbálẹ̀ nílé.

Kí n má parọ́, ààlè náà kọ́kọ́ jẹ́. Àwọn tó gbé pàǹtí wá ń rí i, wọ́n ń yí ẹ̀yìn padà, wọ́n ń lọ dà á sí ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn. Ẹni yẹn náà á so ààlè tirẹ̀. Kò pẹ́ tí àdúgbò fi kún fún àkísà pupa, tí àwọn ìyá àgbà ń ru agbọ̀n pàǹtí káàkiri láti òwúrọ̀ bí ẹni ń kiri ọjà tí kò tà. Ibi tí inú Sùwéébátù ti ń dùn ni ewúrẹ́ Lásúnkànmí kan, abo tó lóyún, fi jáde wá. Ó jẹ ṣùkù, ó jẹ àkísà, ó rún ìgbálẹ̀ lẹ́nu wómúwómú, ó gbọn ìrù. Gbogbo àdúgbò dúró kí wọ́n wo bí yóò ṣe kú. Ewúrẹ́ ò kú. Ìbejì ló bí, akọ kan, abo kan. Ẹ̀rù ààlè bá tán lára gbogbo èèyàn, àwọn tó ń wá ọmọ sì ń fi Sùwéébátù ṣe ẹ̀fẹ̀ pé kó wá so díẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà àwọn. Pàǹtí tó ti lọ padà wá tẹbítẹbí.

Inú bí i burúkú burúkú. Ó so gèlè mọ́ ìdí, ó gun òkè lọ bá Lásúnkànmí lẹ́nu àká. Ó ní kí ọkùnrin náà gbọ́ o, òun mọ̀ pé Lásúnkànmí àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló ń da èèpo obì àti apẹ̀rẹ̀ jíjẹrà sórí òun. Ó ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Lásúnkànmí ní jíjó ni àwọn ń jó èèpo obì, kí ó lọ wo eérú rẹ̀. Sùwéébátù ní irọ́ ni. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ló wá dá kún un. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Bàbá Mùsáfírù, olórí àdúgbò, níbẹ̀ ni obìnrin náà sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé lọ́jọ́ tí wolé-wolé bá dé, kí wọ́n tú àkìtàn náà níṣojú gbogbo ayé. Pàǹtí ẹni tí wọ́n bá bá níbẹ̀, kí ẹni náà kó o. Lásúnkànmí ní òun fara mọ́ ọn. Bàbá Mùsáfírù ní ó dáa.

Nígbà tí ọjọ́ wolé-wolé pé, Sùwéébátù wé gèlè tuntun bí ẹni ń lọ síbi ìkómọ. Ó ká ọwọ́ sáyà, ó dúró síwájú níbi tí kò sóhun tí yóò fo ojú rẹ̀. Bàbá Mùsáfírù jókòó lórí àga, Afọlábí dúró tì í, Lásúnkànmí àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà ní apá kan, àwọn ará àdúgbò yí wọn ká. Wọ́n ki ṣọ́bìrì bọ̀ ọ́. Ewé ló jáde. Wọ́n tún kì í bọ̀ ọ́. Ewé. Wọ́n sún síwájú, wọ́n gbẹ́ ẹ jìn, ewé lórí ewé, ewé lábẹ́ ewé, àwọn ti òkè tútù, àwọn ti ìsàlẹ̀ ti dúdú. Èèpo obì wà níbẹ̀ lóòótọ́, agolo wà, àkísà wà, àmọ́ ńṣe ni wọ́n dà bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀.

Hàfísátù ló kọ́kọ́ rí i. Ó fa ìró ìyá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyá gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Afọlábí fi ọ̀pá gbé ewé kan sókè, ó béèrè ohun tó jẹ́. Bàbá Mùsáfírù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Sùwéébátù," ó wí, "ọwọ́ wo ló ká ewé yìí?"

Ẹnì kan pa ẹ̀rín mọ́ra lẹ́yìn, kò lè pa á pẹ́. Bó ṣe bú jáde, gbogbo àdúgbò bá a bú jáde. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, Bàbá Mùsáfírù pàápàá ń fi abẹ̀bẹ̀ bo ẹnu. Sùwéébátù ń wo ilẹ̀ bóyá yóò là kí òun wọ inú rẹ̀. Gbogbo ewé náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, òsì ni wọ́n ká etí wọn sí. Àwọn òṣìṣẹ́ obì ló ń ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ Hàfísátù láràárọ̀, wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á fi ewé sọ̀kò sẹ́yìn. Àwọn awakọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ayálégbé ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀kọ ṣe ń tà ni àkìtàn ṣe ń ga.

"Èmi ni mo pọ́n ọn," Sùwéébátù wí, "èmi kọ́ ni mo jù ú."

"Àwa la jù ú, Ìyá Hàfísátù," Lásúnkànmí dáhùn, ó ń nu ojú rẹ̀. "Ṣebí wọ́n ní bí a bá jẹ ẹ̀kọ, à á dárí ji ewé. Láti ọjọ́ tí mo ti dé Ìfọ̀ ni mo ti ń dárí jì í."

Ẹ̀rín tún fẹ́ gba ibẹ̀. Obìnrin náà gbé ojú sókè wò ó.

"Ewé tí ẹ dárí jì yẹn ló fẹ́ pa kànga ọkọ mi."

Lásúnkànmí fi ọwọ́ ra orí. Ìtìjú mú un, ó sì hàn gbangba pé ó mú un. Wolé-wolé náà kò mọ ibi tí yóò wò. Ó ní òun yóò dá ọ̀rọ̀ dídí kànga náà dúró títí òjò tó ń bọ̀ yóò fi rọ̀, kí òun wá wo omi náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá tún rùn, kò sí ohun tí òun lè ṣe mọ́. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìyá àti ọmọ délé, wọn ò lè jẹun. Hàfísátù ní kí àwọn má tà fún àwọn olóbì mọ́. Ìyá rẹ̀ ní bí àwọn ò bá tà, kí ni àwọn yóò jẹ, ṣé ewé ni. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ẹkún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Sàlísù ra ẹ̀kọ. Bó ti máa ń ṣe nìyẹn, ó dúró, ó na ọwọ́, ó ní èènì òun dà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí Yorùbá tó ń rajà tí kì í béèrè èènì. Bí wọ́n bá fi gbogbo igbá jìn ín, á ní kí wọ́n fi díẹ̀ sí i. Sùwéébátù ti fẹ́ mú un fún un, ló bá dá ọwọ́ dúró.

"Ewé àná dà?" ó bi í.

Sàlísù ní ewé wo. Sùwéébátù ní ewé ẹ̀kọ tí ó jẹ lánàá. Ẹni tó bá mú ewé bọ̀ ni yóò gba èènì, ẹni tí kò bá mú un bọ̀, kó máa lọ pẹ̀lú èyí tó rà. Sàlísù rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó kùn, ó lọ sábẹ́ mọ́tò rẹ̀, ó wá ewé tí ó ti jù síbẹ̀, ó mú un wá. Ó gba èènì rẹ̀, èyí tó nípọn.

Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo téṣàn ti gbọ́. Èèyàn lè jẹ́ ọlọ́lá, èèyàn lè jẹ́ òtòṣì, èènì ò ṣeé fi sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ewé lábẹ́ àga, lẹ́bàá ojú irin, lẹ́yìn ilé. Àwọn kan ṣa ti Wòsílátù, ẹlẹ́kọ kejì, mọ́ ọn. Sùwéébátù wo etí rẹ̀ fínnífínní, ó ní èyí kì í ṣe ọwọ́ òun, kí wọ́n gbé e lọ bá ẹni tó ni ín. Wòsílátù kọ́kọ́ rojú. Nígbà tó rí i pé oníbàárà ń yà kúrò lọ́dọ̀ òun, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ewé àná.

Ibi tí Sùwéébátù kò tíì rò dé ni pé ẹnì kan yóò rántí àkìtàn. Ibẹ̀ ni ewé pọ̀ sí jù lọ, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀, etí rẹ̀ ń jẹ́rìí. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn èèyàn ya bo àkìtàn náà pẹ̀lú agbọ̀n àti ṣọ́bìrì, wọ́n ń tú u bí ẹni ń wa wúrà. Sùwéébátù ń fún wọn ní èènì títí apá fi ń ro ó. Èrè ò sí, ìkòkò ń ṣófo kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Hàfísátù ní ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ti ń fi ọjà ṣe sàráà o, ẹ sọ fún wọn pé ewé tó ti jẹrà ò kà.

"Mo ti sọ ọ́ tán," ìyá rẹ̀ wí. "Má dá mi dúró. Kànga bàbá rẹ ni mò ń rà padà."

Lásúnkànmí wà nítòsí nígbà tó sọ ọ́. Ọkùnrin náà lọ. Nígbà tó di ọ̀sán, gbogbo òṣìṣẹ́ obì sọ̀kalẹ̀ láti òkè, òun fúnra rẹ̀ ló ṣíwájú wọn, ó ti ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Wọ́n kó èyí tó kù nínú àkìtàn náà láìgba èènì. Wọ́n gbẹ́ ihò ńlá sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ní apá kejì tí omi kò ti lè ṣàn padà, wọ́n kó o sínú rẹ̀, wọ́n gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́n kànga náà gbẹ, ọ̀kan nínú wọn wọ inú rẹ̀ lọ, ó fọ̀ ọ́ yíká. Ìyàwó Lásúnkànmí, tó wá wò wọ́n, ní òun ò tíì rí i kí ọkọ òun gbé ohun tó wúwo ju àwo oúnjẹ lọ láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ ẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ ń lọ.

Òjò dé. Òjò gidi ni, ó rọ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, omi ń sáré gba gbogbo ojúlé kọjá. Sùwéébátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń wo kànga, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa omi rẹ̀. Ó ní kí wolé-wolé wá fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ìgboyà, ẹ̀rù ló ń bà á.

Nígbà tí Afọlábí dé, ó fa omi sókè, ó dà á sínú ife, ó gbé e sójú oòrùn. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Gbogbo àwọn tó dúró síbẹ̀ ń wo imú ọkùnrin kan ṣoṣo. Ló bá gbé ife sẹ́nu, ó mu ún tán, ó na ife padà pé kí wọ́n bu sí i.

"Ìyá," ó wí, "ẹ máa pọn omi yín lọ."

Sùwéébátù, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí omijé òun lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Bùrẹ́ímọ̀ lọ sí itẹ́ òkú, jókòó sí etí kànga náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kíkan kíkan níṣojú gbogbo wọn. Wolé-wolé dúró pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ó rò pé òun ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Hàfísátù sáré dì í mú. Lásúnkànmí sún mọ́ wọn, ó ní kí ló tún ṣẹlẹ̀, ṣebí inú dídùn ló yẹ kó wà níbẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n sun ún," ó wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń sin èèyàn. Èmi rò pé mo máa jókòó níbí wo bí wọ́n ṣe ń da iyẹ̀pẹ̀ bo ọkọ mi lẹ́ẹ̀kejì."

Lásúnkànmí ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Sùwéébátù fi etí ìró nu ojú, ó fun imú, ó dìde, ó gbé okùn fún Lásúnkànmí pé kó máa fa omi fún òun, nítorí àgbàdo ṣì wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì rẹ.